Ọ̀pẹ Orí Fìlà àti Ọpẹ́ Àwọn Olùkójọ: Báàjì Ọmọ-ogun gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn ní Ìbàdàn

Ìfáárà

Ó ti di àṣà láàrin àwọn tí ń kó báàjì ọmọ-ogun jọ pé, bí ẹnìkan nínú wọn bá tẹ ìwé jáde lórí ohun tí ó ní, yóò ya ojú-ewé kan sọ́tọ̀ fún ìdúpẹ́. Níbẹ̀ ni yóò ti dárúkọ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ṣe pàṣípààrọ̀, opó tí ó ṣí àpótí ọkọ rẹ̀ fún un, ajagunfẹ̀yìntì tí ó jókòó tì í láti ọ̀sán di alẹ́ tí ó ń ṣàlàyé ohun tí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró fún. Àwọn òǹkàwé kì í sábà ka ojú-ewé náà. Wọ́n kà á sí ìwà ọmọlúàbí lásán, bí ẹni pé olùkójọ náà ń sá fún òwe àwọn àgbà tí ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Èrò tí bébà yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní ti báàjì, ìdúpẹ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ìwé. Òun gan-an ni ẹ̀rí. Ìdí ni pé báàjì kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára. Mẹ́dàlì fàdákà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ó ja ogun 1914 sí 1918 ní nọ́ńbà àti orúkọ ẹni tí ó gbà á, tí wọ́n fín sí etí rẹ̀ yíká. Ẹni tí ó bá rí irú rẹ̀ he lónìí lè mú orúkọ náà lọ síbi tí wọ́n kó ìwé àkọsílẹ̀ pamọ́ sí. Àwọn ìràwọ̀ idẹ ti ogun 1939 sí 1945, títí kan ìràwọ̀ Bọ́mà tí àwọn ará ilẹ̀ wa gbà, kò ní orúkọ lára nígbà tí wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́. Báàjì fìlà àti àmì tí a ń rán mọ́ apá aṣọ kò tilẹ̀ ní orúkọ rí, àfi bí ọmọ-ogun kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha nǹkan sí ẹ̀yìn tirẹ̀. Nítorí náà, bí báàjì bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́, okùn kan ṣoṣo tí ó so ó mọ́ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ó gba ọwọ́ wọn kọjá. Bí orúkọ wọn kò bá sí nínú ìwé, idẹ lásán ló kù.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ àmì ogun kí òyìnbó tó dé. Ọ̀págun wà, ọ̀pá tí a fi oògùn dì láti ìdí dé orí, tí Samuel Johnson sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìtàn tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni ọ̀págun fún odidi ogun. Gbogbo ìlú mọ ẹni tí ó wà níkàáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì mọ Balógun tí ó gbé e jáde. Ohun tuntun tí báàjì mú wá ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ àwòrán kan náà, tí ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì, tí ó sì jẹ́ ti ìjọba, kì í ṣe ti ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Ọ̀pẹ

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà ní Èkó. Láti 1863 ni àwọn ọmọ-ogun tí a ń pè ní Háúsá ti wà lábẹ́ John Glover, ẹni tí ahọ́n àwọn ará Èkó sọ di Gólóbà. Wọ́n bá a lọ sí ogun Àṣáńtì ní 1873. Àwọn tí ó rọ́pò wọn ni Ìbàdàn kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa, nígbà tí ìlú náà fọwọ́ sí àdéhùn ní 1893 tí Kapitéènì Bower sì di Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ níbẹ̀. Orúkọ Bower ni ilé-ìṣọ́ gíga orí Òkè Aàrẹ, tí wọ́n kọ́ ní 1936, ń jẹ́. Àwọn sójà tí ó bá a wọ̀lú kò ní ilé-ìṣọ́.

Ní 1897 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Lugard láti kó ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tuntun jọ fún ààlà ilẹ̀ tí wọ́n ń bá Faransé jà sí. Nígbà tí ó fi di 1901, wọ́n ti so gbogbo ọmọ-ogun àwọn ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀ mọ́ ọn: ti Àríwá Nàìjíríà, ti Gúúsù, ti Èkó, ti Gold Coast, ti Sàró àti ti Gáḿbíà. West African Frontier Force ni orúkọ rẹ̀. Báàjì rẹ̀ ni igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo tí ó dúró lórí òkìtì ilẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà orúkọ ẹgbẹ́ náà nísàlẹ̀. Ní 1928 ni ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè kún orúkọ náà, lẹ́tà R sì wọ iwájú àwọn yòókù. Lẹ́tà kan yìí ni olùkójọ fi ń mọ èwo ló jẹ́ ti ìgbà ogun Kamẹrúùnù àti ti Ìlà-oòrùn Áfíríkà, èwo ló sì jẹ́ ti ìgbà Bọ́mà.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí igi yìí. Òyìnbó tí ó yàn án rí igi kan tí ó wà káàkiri láti Gáḿbíà dé Kàlàbá, kò sì sí ìlú kan tí ó lè sọ pé tòun nìkan ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò lè wo ọ̀pẹ kí ó má rántí ikin, epo, ẹmu àti ìgbálẹ̀. Igi Ọ̀rúnmìlà ni. Pé ọmọ babaláwo kan lè wọ ọ̀pẹ sí iwájú orí lọ jà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ohun tí ìwé ìtàn àwọn ọ̀gágun kò ní àyè fún. Ìwé tí Haywood àti Clarke kọ lórí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun náà ní 1964 kún fún ìrìn-àjò àti ìjà, ó sì wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀gá ni ó fi wo ọmọ-ogun. Bákan náà ni èdè wa fi ohùn nìkan ya ọ̀pẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ọpẹ́. Kò sí olùkójọ tí ó jẹ́ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí kò ní pa lẹ́rìn-ín.

Ọdún 1901 kan náà ni ojú-irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ibi tí ọkọ̀ náà ń dúró sí ni Dùgbẹ̀ fi dàgbà di àárín òwò, tí àwọn ilé ìtajà òyìnbó kóra jọ sí títí dé Gbági. Nígbà tí ojú-irin náà kọjá Ìlọrin lọ sókè Ọya, Dùgbẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ọmọ-ogun tí ń lọ sí Kàdúná tàbí tí ń bọ̀ wá sí Èkó gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ti rí ọ̀pẹ orí fìlà fún ìgbà àkọ́kọ́, kì í ṣe lójú ogun.

Aláǹtakùn àti Òṣùká

Ogun Bọ́mà ni ó fi hàn jù lọ bí ìmọ̀ àwọn tí ó wọ báàjì ti ṣe pàtàkì tó. Ní oṣù kẹta 1943 ni wọ́n dá Ìpín 81 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Nàìjíríà lábẹ́ ọ̀gágun Woolner. Ìpín 82 tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà lábẹ́ ọ̀gágun Bruce. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ tí wọ́n ń rán mọ́ apá aṣọ.

Aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè róbótó ni ti Ìpín 81. Ananse ni, aláǹtakùn inú àlọ́ àwọn Akan, tí ó fi ọgbọ́n bá alágbára lò. Ohun tí Ìjàpá jẹ́ fún wa ni Ananse jẹ́ fún wọn. Èrò àwọn ọ̀gá ni pé ọmọ-ogun inú igbó gbọ́dọ̀ lè ta okùn kí ó sì lúgọ. Bí ènìyàn bá béèrè ìdí tí wọn kò fi yan Ìjàpá, nígbà tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn, ìdáhùn kò jìnnà: kò sí ọ̀gágun tí yóò rán ìjàpá mọ́ apá ẹni tí ó fẹ́ kí ó yára.

Orí aláǹtakùn náà wà nísàlẹ̀ nígbà tí apá bá rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ àlàyé yóò rò pé aránṣọ ló ṣìṣe. Ó ní ìdí: nígbà tí ọmọ-ogun bá na apá síwájú láti yìnbọn, ọ̀tá ni aláǹtakùn ń kọjú sí. Aṣọ tí kò sí lára ènìyàn mọ́ kò lè sọ èyí. Bí olùkójọ bá gé àmì náà kúrò lára aṣọ, tí ó gbé e sínú férémù pẹ̀lú orí lókè, ó ti ba ohun kan jẹ́ láìmọ̀. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ rí ni ó lè tún un ṣe, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan sì ni.

Ti Ìpín 82 jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ méjì ni ó dábùú ara wọn, tí wọ́n sì gba inú òṣùká aláàárù kọjá. Ẹni tí kò mọ òṣùká lè pè é ní òrùka, ó sì lè pè é ní adé. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni pé nípasẹ̀ àwọn aláàárù ni ìpín náà fi ń jà. Òtítọ́ sì ni. Ní àfonífojì Kaladan níbi tí Ìpín 81 ti jà, kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Ọkọ̀ òfurufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀, orí ènìyàn sì ni ó ń gbé e láti ibẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà láàrin 1916 àti 1918, níbi tí àrùn àti àìjẹun-kánú ti pa aláàárù ju bí ìbọn ti pa wọ́n lọ. Aláàárù ogun àkọ́kọ́ yẹn kò ní báàjì tí olùkójọ lè wá kiri. Àmì Ìpín 82 jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba àmì ogun tí ó gbé iṣẹ́ ẹni tí ó ru ẹrù síbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i, òṣùká sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Obìnrin tí ń ru igbá ọjà láti Dùgbẹ̀ lọ sílé mọ ohun tí àwòrán náà jẹ́ ju ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ.

Àmì kẹta tún wà. Bàtálíọ̀n 6, 7 àti 12 ti Nàìjíríà kúrò lábẹ́ Ìpín 81, wọ́n sì bá àwọn ọmọ-ogun Wingate tí a ń pè ní Chindit wọ ẹ̀yìn àwọn Japan ní 1944. Àmì Chindit ni ẹranko bíi kìnnìún tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì ní Bọ́mà. Nítorí náà, ọmọ-ogun kan ṣoṣo lè ní ọ̀pẹ, aláǹtakùn àti kìnnìún tẹ́ḿpìlì nínú àpótí kan. Ẹni tí ó bá bá mẹ́ta yìí nínú ilé kan ní Ìbàdàn kò rí ohun tí kò bára mu. Ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan láàrin ọdún méjì ni ó rí. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò bá ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ó ta ọ̀pẹ fún ẹnìkan, tí ó ta kìnnìún fún ẹlòmíràn nítorí pé ó lówó lórí jù, ìtàn náà ti parí. Kò sí ẹni tí yóò tún un so pọ̀ mọ́, bí ó ti wù kí báàjì kọ̀ọ̀kan dán tó.

Orúkọ ibi ìjà ogun náà ṣì wà lẹ́nu àwọn ará ìlú tí kò mọ ibi tí ó ti wá. Letmauk, tí bárékè Mọ́kọ́lá ń jẹ́, ìrìn díẹ̀ sí Dùgbẹ̀, jẹ́ ibì kan ní Arakan tí àwọn Ìpín 82 ti jà ní 1945. Arakan fúnra rẹ̀ wà ní Àpápá gẹ́gẹ́ bí orúkọ bárékè.

Adé di Ẹyẹ Idì

Ọ̀rọ̀ àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò gùn. Ní 1956, ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Nàìjíríà, ó fi oyè ara rẹ̀ dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Nàìjíríà lọ́lá. Ní 1960 ni wọ́n tú West African Frontier Force ká, tí ọmọ-ogun Nàìjíríà sì ń jẹ́ ti ọba títí di 1963 nígbà tí orílẹ̀-èdè di ilẹ̀ olómìnira tí kò ní ọba òyìnbó lórí mọ́. Adé kúrò lórí báàjì, ẹyẹ idì bọ́ sípò rẹ̀. Adé tí mejọ̀ ń wọ̀ léjìká di ẹyẹ idì pẹ̀lú. Ó tó ọdún mẹ́ta péré tí báàjì oníadé ti ọmọ-ogun Nàìjíríà olómìnira fi wà, ìdí nìyí tí àwọn olùkójọ fi ń wá a lójú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó wà lára àmì àwọn ọmọ-ogun títí dòní, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ìṣẹ́gun ti wá, ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ débi pé wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Èkó ní àwọn ọdún 2020. Ó dára kí olùkójọ mọ̀ pé ohun tí òun kó sínú àpótí lè jẹ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń jà lé lórí.

Àwọn tí Ọpẹ́ Tọ́ Sí

Kíkó báàjì jọ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú ogun 1914 sí 1918 ni àwọn ọmọ-ogun ti ń kan báàjì tí wọ́n gbà tàbí tí wọ́n rí he mọ́ bẹ́líìtì awọ. Lẹ́yìn ogun kejì ni ó di iṣẹ́ tí ó ní ìwé àti ẹgbẹ́. Orders and Medals Research Society ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1942. Howard Cole tẹ ìwé kan jáde ní 1946 lórí àwọn àmì apá aṣọ, títí kan ti aláǹtakùn àti ti òṣùká.

Ìrànlọ́wọ́ tí àwọn olùkójọ ń ṣe fún ara wọn ju pàṣípààrọ̀ lọ. Ayédèrú pọ̀. Irin tí wọ́n fi ń tẹ báàjì ní Birmingham kì í kú pẹ̀lú ogun. Ẹni tí ó bá ní i lọ́wọ́ lè tẹ tuntun lónìí kí ó sì fi pòpórò iná mú un dúdú. Ẹni tí ó bá ti di ọgọ́rùn-ún báàjì mú ni yóò mọ̀ nípa ìwúwo, nípa etí rẹ̀, nípa bí wọ́n ti lẹ ohun tí ń gbé e dúró mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, pé èyí kì í ṣe òtítọ́. Ìmọ̀ yìí kì í wọ inú ìwé tán. Lẹ́nu ẹni tí ó ti fi owó rẹ̀ ra irọ́ rí ni a ti ń kọ́ ọ, ó sì yẹ kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ.

Níbí ni àléébù àwọn ojú-ewé ìdúpẹ́ ti hàn. Àwọn olùkójọ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkójọ. Wọn kì í sábà dárúkọ ẹni tí báàjì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Nígbà mìíràn òwò ni ó fà á: ẹni tí ó bá sọ ibi tí ó ti rí nǹkan, ọjọ́ kejì ni ẹlòmíràn yóò kan ilẹ̀kùn náà. Nígbà mìíràn ẹ̀rù ni. Òfin Nàìjíríà ka wíwọ aṣọ ọmọ-ogun láìjẹ́ ọmọ-ogun sí ẹ̀ṣẹ̀, àwọn opó sì mọ èyí dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń fi báàjì ọkọ wọn pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí, bí ẹni pé ohun jíjí ni. Ìwọ̀nyí jẹ́ ìdí tí ó yéni. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ sínú ìwé títẹ̀ lè kọ ọ́ sínú ìwé àdáni kí ó sì fi í lé ilé ìkàwé lọ́wọ́.

Ní Ìbàdàn, ìlà àwọn tí ọpẹ́ tọ́ sí gùn. Aránṣọ wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó mọ bí àmì kan ti ń jókòó sí apá aṣọ àti ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìyàwó tí ó ń fi iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ nu ọ̀pẹ idẹ kí ọkọ rẹ̀ tó lọ sí ìpéjọ àwọn ajagunfẹ̀yìntì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó kọ̀ láti ta á wà nínú rẹ̀. Nítorí idẹ ni báàjì, àwọn tí ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò kì í sì í béèrè ìtàn lọ́wọ́ idẹ. Orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbé e sí. Báàjì kọ̀ọ̀kan tí ó bọ́ lọ́wọ́ iná alágbẹ̀dẹ, ẹnìkan ló dúró níwájú rẹ̀.

Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò ì tíì kún àlàfo yìí. Ti ogun abẹ́lé 1967 sí 1970, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí wọ́n ṣí ní Umuahia ní 1985 ṣe ìwọ̀nba tí ó lè ṣe. Fún ogun Bọ́mà, ọ̀pọ̀ ohun tí ó kù wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Imperial War Museum àti National Army Museum, níbi tí ó rọrùn láti mọ ọ̀gá òyìnbó tí ó fi nǹkan ta wọ́n lọ́rẹ ju láti mọ sójà tí ó wọ irú rẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó fi hàn pé ọ̀nà mìíràn ṣeé tọ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìwòsàn nínú Ìpín 81. Wọ́n yìnbọn fún un ní Kaladan ní oṣù kẹta 1944. Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman àti ẹbí rẹ̀ fi òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, láàrin àwọn Japan tí yóò pa gbogbo wọn bí wọ́n bá mọ̀. Fadoyebo kọ ìtàn náà fúnra rẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ó kọ orúkọ Shuyiman sínú rẹ̀. Nítorí pé orúkọ náà wà lákọsílẹ̀ ni akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì, Barnaby Phillips, fi lè mú ìwé ọpẹ́ láti ọwọ́ Fadoyebo wọ Bọ́mà ní 2011, tí ó sì wá ìdílé náà kàn ní ọdún kẹtàdínláàádọ́rin lẹ́yìn tí wọ́n gbé sójà náà pamọ́. Shuyiman ti kú nígbà náà. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó gbọ́ ohun tí ó wà nínú ìwé náà. Fadoyebo fúnra rẹ̀ kú ní 2012.